Ìfáàrà Àkọ́sórí àti Àyọlò Nínú Ìdánwò Lítíréṣọ̀: Èwo Ló Ń Gba Máàkì?

Bí WAEC bá ti ń sún mọ́lé, fọ́tò kan máa ń rìn kiri lórí WhatsApp àwọn ọmọ SS3 ní Ẹ̀pẹ́. Ojú ìwé kan ni, tí ẹnì kan fi bírò kọ. Lókè rẹ̀ ni ìfáàrà gígùn kan wà tí wọ́n ní ó bá gbogbo ìbéèrè lítíréṣọ̀ mu. Lábẹ́ rẹ̀ ni àyọlò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a yọ láti inú ìwé tàbí láti ẹnu ẹlòmíràn, tò rẹrẹẹrẹ, òmíràn láti inú ìwé tí wọ́n ń kà, òmíràn láti ẹnu àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, òmíràn tí a kò tiẹ̀ mọ ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n á wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Kọ́ ọ sórí, o ti yege." Nítorí pé èmi ni mo ń kọ́ púpọ̀ nínú wọn ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ìyá wọn máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Wọ́n á ti ọjà ẹja Olúwo dé, ó á ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní: "Tísà, ọmọ mi ní òun ti kọ́ ìfáàrà òun sórí o. Ṣé kò wá séwu mọ́?"

Ewu ṣì wà. Kì í ṣe pé kíkọ́ nǹkan sórí burú. Ta ló fẹ́ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú orí òfìfo? Ohun tó ń dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé nǹkan mẹ́ta tí kò jọra ni àwọn èèyàn ń pa pọ̀ pè ní àyọlò, wọ́n sì tún rò pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo ìdánwò lítíréṣọ̀ ń gbà béèrè ìbéèrè.

Oríṣi àyọlò kan ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú àyọkà tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè. Ó wà níwájú ọmọ gbangba, kò sí ohun tí yóò kọ́ sórí níbẹ̀, kí ó ṣáà mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Òmíràn ni ọ̀rọ̀ inú ìwé tí àjọ ìdánwò yàn, tí ọmọ ti kà nílé, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ gbé wọlé. Èyí ni kíkọ́ sórí wúlò fún. Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nípa lítíréṣọ̀ tàbí nípa ayé: ọ̀rọ̀ lámèyítọ́ (ẹni tó ń ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ lítíréṣọ̀), òwe, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ẹni ńlá kan. Bí ẹ bá bi mí, ìkẹta yìí ni àwọn ọmọ wa ń kọ́ sórí jù, òun náà ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò fún wọn rárá.

Ohun tí ìdánwò náà ń béèrè

Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC ní pépà mẹ́ta. Pépà 1 ní ìbéèrè 50 tí a ń yan ìdáhùn sí láàárín lẹ́tà A sí D, wákàtí kan ni wọ́n fi ń ṣe é. 20 nínú ìbéèrè náà dá lórí ìmọ̀ gbogbogbòò nípa lítíréṣọ̀, 5 lórí àyọkà ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí rí, 5 lórí ewì tí kò rí rí, 20 tó kù lórí eré Shakespeare tí wọ́n yàn. Pépà 2 ni ti ìtàn àròsọ. Ìbéèrè méjì ni ọmọ yóò dáhùn níbẹ̀, ọ̀kan lórí ìwé ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀kan lórí ìwé ilẹ̀ mìíràn, ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Pépà 3 ni ti eré oníṣe àti ewì, ìbéèrè mẹ́rin, wákàtí méjì àbọ̀.

Ẹ wo ibi tí àyọkà àìrírí bọ́ sí. Inú Pépà 1 ni, níbi tí ọmọ kò ti ní kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Yíyan lẹ́tà ìdáhùn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ́ ìfáàrà sórí nítorí ewì tí kò rí rí nínú WAEC, kò ní rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí. JAMB náà kò yàtọ̀: ìbéèrè 40 ni fún Lítíréṣọ̀, orí kọ̀ǹpútà ni, títẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Eré Shakespeare náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. WAEC kì í béèrè àròkọ lórí rẹ̀. Wọ́n á yọ ìlà mélòó kan nínú eré náà, wọ́n á wá béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú, kí ni ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí níbẹ̀. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ọmọ lè ka ìlà náà jáde lórí láìwo ìwé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé bó bá ti rí i, kí ó dá a mọ̀, bí a ṣe ń dá ohùn ẹni mọ̀ lórí fóònù kó tó dárúkọ.

Níbo wá ni a ti ń kọ ìtúpalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́? Nínú Pépà 2 àti 3 ni, lórí ìwé àti ewì tí ọmọ ti kà ṣáájú. Nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ náà ni, níbi tí tísà lè tẹ àyọkà kan jáde kí ó ní kí ẹ tú u palẹ̀. Ní yunifásítì, ẹni tó bá lọ ka èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Yorùbá yóò bá a pàdé dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àkókò, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí ìfáàrà gígùn ti ń tú. Ìṣẹ́jú 75 fún ìbéèrè méjì, ìṣẹ́jú 150 fún ìbéèrè mẹ́rin: bákan náà ló já sí, ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nínú ìyẹn ni ọmọ yóò ti ka ìbéèrè, ronú, kọ ọ́, tún un kà. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ìfáàrà tó ti kọ́ sórí, ó ti fi ohun tó lé ní ìdámẹ́rin àkókò rẹ̀ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Fídíò ilẹ̀ òkèèrè

Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ni mo ń dá lẹ́bi. Wọ́n ń wo fídíò YouTube tí tísà ilẹ̀ òkèèrè ṣe fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ń rò pé ìdánwò tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí wọ́n ti tún GCSE, ìdánwò àwọn ọmọ girama wọn, ṣe, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe irú èyí tuntun ní 2017, ọmọ kì í gbé ìwé lítíréṣọ̀ wọ gbọ̀ngàn mọ́. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìdáhùn níbẹ̀ sì ni bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ inú ìwé ti èrò rẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tísà wọn fi ń pariwo pé ẹ kọ́ àyọlò sórí. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n yàn ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí ó bá kan ewì tí ọmọ kò rí rí, tó wà nínú ìdánwò kan náà, wọ́n tẹ ewì náà síwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ní kó kọ́ nǹkan kan sórí.

Ti ilẹ̀ Faransé tún yàtọ̀. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ ìtúpalẹ̀ àyọkà kan ṣoṣo nínú ìdánwò èdè Faransé tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tó bá ku ọdún kan kí wọ́n jáde girama. Níbẹ̀, ìfáàrà ní ìlànà tí gbogbo èèyàn mọ̀: gbólóhùn tó ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀, ìfihàn òǹkọ̀wé àti àyọkà, ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ tọpa rẹ̀, àti bí yóò ṣe pín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní wákàtí mẹ́rin lè ṣe gbogbo ìyẹn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ní ìṣẹ́jú 37 kò gbọdọ̀ bá wọn díje lórí rẹ̀.

Ibòmíràn tún wà tí ìfáàrà àkọ́sórí ti ń wọlé, ìyẹn iṣẹ́ àròkọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. WAEC ní kí àròkọ Gẹ̀ẹ́sì má dín ní 450 ọ̀rọ̀, máàkì 10 nínú 50 sì wà fún bí a ṣe to ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti fi ìfáàrà dídùn ṣí àròkọ lórí "Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé" yóò gbé irú rẹ̀ wọ lítíréṣọ̀. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n ń bi í, wọn kò bi í nípa ọjọ́ tí kò lè gbàgbé.

Ìdí tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní ohun tí kò rí rí

Àwọn òbí kan rò pé ìwà ìkà ni. Ó ní ìtàn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, olùkọ́ kan ní yunifásítì Cambridge, I. A. Richards, pín ewì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìkọ orúkọ akéwì tàbí ọdún tí wọ́n kọ ọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Ohun tí wọ́n kọ padà bà á lẹ́rù: ọ̀pọ̀ wọn ni kò tilẹ̀ lóye ohun tí ewì náà ń sọ lásán. Nígbà tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1929, ọ̀kan nínú àwọn àléébù tó tò síbẹ̀ ni èrò tí wọ́n ti ní sílẹ̀. Àpẹẹrẹ irú rẹ̀ ni pé bí ewì bá ti dárúkọ ìyá, òǹkàwé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìfẹ́ abiyamọ, bí akéwì tilẹ̀ ń bú ìyá náà. Àwọn ọmọ yunifásítì ńlá ni wọ̀nyẹn o. Àtìgbà náà ni irú ìdánwò yìí ti gbilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ káàkiri, ohun tó sì ń wá kò tíì yí: ṣé ọmọ yìí lè ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, àbí ohun tó gbé wá láti ilé ló ń kà?

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ọ̀kan

Ewì kékeré kan nìyí tí mo hun fún àlàyé yìí. Yorùbá ni mo fi hun ún kí òbí tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ náà lè bá wa lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la ń gbà tú ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀sà ń sùn, ọkọ̀ ń sùn,
ìyá ẹlẹ́ja nìkan ni kò sùn.
Ó ka owó àná, owó kò pé;
ó ka ọmọ tó wà lórí ẹní, ọmọ pé.
Ó tún owó kà.
Ilẹ̀ mọ́ fún àwọn tó sùn.

Ìbéèrè: Báwo ni akéwì ṣe fi ipò tí ìyá yìí wà hàn?

Ọmọ tó ní ìwé WhatsApp lórí yóò bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Lítíréṣọ̀ jẹ́ dígí tí a fi ń wo àwùjọ. Láti ayébáyé ni àwọn akéwì ti ń lo ewì láti kọ́ni lọ́gbọ́n, láti dáni lára yá, àti láti bá ìjọba wí. Nínú ewì aládùn yìí, akéwì gbé kókó ọ̀rọ̀ pàtàkì kan kalẹ̀ nípasẹ̀ oríṣiríṣi ọ̀nà èdè bí àfiwé tààrà, àwítúnwí àti ìfohunpènìyàn."

Gírámà rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ wá obìnrin náà níbẹ̀, kò sí. Owó kò sí, òru kò sí, ọmọ kò sí. Ohun tó tún burú jù ni pé ó ti ṣèlérí àfiwé tààrà (kí a fi nǹkan kan wé òmíràn ní gbangba), bẹ́ẹ̀ kò sí àfiwé tààrà kankan nínú ewì yìí. Ẹni tó ń máàkì yóò máa retí rẹ̀, yóò sì rí i kedere pé ọmọ náà kọ ìfáàrà kó tó ka ewì. Ẹ gbé ìfáàrà náà sórí ewì ogun, ó bá a mu. Ẹ gbé e sórí ewì ìgbéyàwó, ó tún bá a mu. Ohun tó bá gbogbo ewì mu báyìí kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyíkéyìí nínú wọn. Ìdánwò tí mo máa ń fún ìfáàrà nìyẹn, ọmọ náà sì lè fún ti ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Ẹ wo òmíràn: "Ewì ìlà mẹ́fà yìí fi ìyá kan hàn wá tó ń ka owó lóru nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù ti sùn. Akéwì kò sọ fún wa pé ó tálákà. Bí ó ṣe gbé kíka owó àti kíka ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló jẹ́ ká mọ ipò tó wà." Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ó ti dárúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ti sọ ibi tí ìdáhùn ń lọ. Kò sí ewì mìíràn láyé tí ẹ lè gbé e lé lórí.

Ó yá, ká bọ́ sórí àyọlò. Èyí tí mo ń rí jù nínú ìwé àwọn ọmọ nìyí: "Akéwì lo àwítúnwí. Ó sọ pé 'Ó ka owó àná, owó kò pé. Ó ka ọmọ tó wà lórí ẹní, ọmọ pé.' Èyí fi hàn pé ìyá náà ka owó, ó sì ka ọmọ." Ó ti da ìlà méjì kọ lódindi, ó tún wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun kan náà. Ẹni tó ń máàkì ti ka ewì náà, kò nílò kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ hàn yín. "Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, 'ka', ni akéwì lò fún owó àti fún ọmọ. Ti owó 'kò pé', ti ọmọ 'pé'. 'Kò' kékeré tó wà níbì kan tí kò sí níbì kejì ni gbogbo ìṣòro obìnrin yìí: ẹnu tó fẹ́ jẹun pé, ohun tí wọ́n máa jẹ ni kò pé. Ìlà karùn-ún ló kúrú jù nínú ewì náà. Ó sọ pé ó 'tún owó kà', kò sì sọ iye tó bá. Kò sídìí tí yóò fi sọ ọ́; a ti mọ̀ pé kò lé."

Àyọlò inú ìpínrọ̀ yẹn kò tó ìlà méjì ewì bí ẹ bá kó o jọ. Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, tí a fi hun gbólóhùn ẹni tó ń kọ̀wé, kì í ṣe pé a gbé wọn kalẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn àyọlò kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tí a sọ tí ewì fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu sọ. Ibẹ̀ ni máàkì wà.

Ọmọ mìíràn lè tako ìtumọ̀ tí mo fún un. Ó lè ní ìtùnú ni "ọmọ pé" wà fún, pé nígbà tí owó já ìyá náà kulẹ̀, ó yíjú sí ọmọ láti fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀: wọ́n pé, kò sí èyí tó sọnù. Ó lè tọ́ka sí i pé láàárín owó méjì ni akéwì há kíka ọmọ sí, kíka owó ló ṣáájú, òun náà ló tẹ̀ lé e, nítorí náà ìtùnú ọ̀hún kò pẹ́. Mo fara mọ́ ọn, kódà ó dùn mọ́ mi ju tèmi lọ. Ìdáhùn méjèèjì ló máa gba máàkì, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà tó wà nínú ewì ni àwọn méjèèjì dì mú. Àwọn òbí máa ń bi mí pé èwo gan-an ni ìdáhùn tó tọ́. Nínú ìdáhùn tí a ń fi ọwọ́ kọ, èyí tí ọmọ lè fi ọ̀rọ̀ inú àyọkà gbè lẹ́yìn ni.

Ìlà àkọ́kọ́ náà yẹ ká dúró tì díẹ̀. "Ọ̀sà ń sùn": ìfohunpènìyàn ni (kí a fún ohun tí kì í ṣe èèyàn ní ìṣe èèyàn), gbogbo ọmọ ló máa rí i. Ọ̀pọ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ tán, wọ́n á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sà àti ọkọ̀ ló sùn, tí kì í ṣe ajá àti adìyẹ? Nítorí pé inú ọ̀sà ni ẹja ti ń wá, ọkọ̀ ló sì ń gbé e dé èbúté. Ohun tó ń bọ́ obìnrin náà ti sinmi, òun tí wọ́n ń bọ́ ni kò rí oorun. Ọmọ tó dàgbà sí etí ọ̀sà yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò kàn mọ̀ pé òun lè kọ ọ́ sínú ìdánwò ni. Ó lè kọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ ewì bá ti gbà á láyè.

Ó ní ìbéèrè tí kò fẹ́ gbogbo àlàyé yìí o. Bí wọ́n bá ní "tọ́ka sí ọ̀nà èdè méjì nínú ewì yìí", bí ìdánwò lítíréṣọ̀ Yorùbá ṣe máa ń béèrè nígbà mìíràn, orúkọ ọ̀nà èdè àti ìlà tó ti wáyé ti tó. "Tọ́ka sí" kì í ṣe "jíròrò". Ọmọ tó bá kọ ojú ewé kan fún ìbéèrè máàkì méjì ti fi àkókò ìbéèrè tó ń bọ̀ tọrẹ.

Ohun tó yẹ ní kíkọ́ sórí

Ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé kí ọmọ má múra ìfáàrà sílẹ̀. Kí ó múra ọ̀nà tí yóò gbà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fi gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ náà. Bí ó bá ti ka àyọkà tán, kí ó bi ara rẹ̀ pé: kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí, ohùn wo ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kí ló yí padà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ìdáhùn mi sí ìbéèrè ńkọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí, bó ti wù kó kúrú tó, ni ìfáàrà. Ìbéèrè ló kọ́ sórí, àyọkà ló dáhùn wọn.

Fún ìwé tí wọ́n yàn, àyọlò ní ipò tirẹ̀, mo sì máa ń ní kí wọ́n kọ́ ọ. Kí ó kúrú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí wọ́n yan èyí tó lè ṣiṣẹ́ fún ju ìbéèrè kan lọ: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá ìtàn kan sọ nígbà tó ń bínú lè wúlò fún ìbéèrè lórí ìwà rẹ̀, lórí kókó ọ̀rọ̀, àti lórí ìjà láàárín ẹ̀dá ìtàn méjì. Kí wọ́n kọ́ ọ pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún, àti ohun tó fà á. Àyọlò tí ọmọ mọ̀ láìmọ ẹni tó sọ ọ́ máa ń ṣe é ní jàǹbá. Mo ti rí i tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọ̀tá sẹ́nu akọni.

Bí kò bá rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ gan-an, kí ó yọ àmì àyọlò kúrò, kí ó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀: "nígbà tí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní padà wálé mọ́." Ìyẹn náà ń ti èrò lẹ́yìn. Ohun tí kò dára ni kí ó hun ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí ó sì fi àmì àyọlò yí i ká bí ẹni pé inú ìwé ló ti wá.

Kí àwọn òbí tún kíyè sí ìwé ẹ̀gbọ́n. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n tọ́jú fún àbúrò, ṣùgbọ́n WAEC máa ń pààrọ̀ ìwé lítíréṣọ̀ rẹ̀. Àkójọ 2021 sí 2025 ti kásẹ̀ nílẹ̀, ti 2026 sí 2030 ló kàn. Àyọlò tí ẹ̀gbọ́n fi gba A lè jẹ́ ti ìwé tí kò sí nínú sílébọ́ọ̀sì mọ́. Kí ẹ wo àkójọ tuntun kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òru kọ́ ọ sórí.

Ti lámèyítọ́ àti òwe kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ girama kò nílò ọ̀rọ̀ lámèyítọ́, èyí tí wọ́n bá sì kọ "lámèyítọ́ kan sọ pé" láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn fúnra wọn ló sábà máa ń jẹ́ lámèyítọ́ ọ̀hún. Òwe dùn nínú ìdáhùn Yorùbá bí ó bá fara kan ọ̀rọ̀ inú àyọkà. Bí kò bá fara kàn án, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ibi ìnáwó. Ìfáàrà tí wọ́n pín kiri tún ní ewu mìíràn tí àwọn ọmọ kì í rò: bí ìwé ọmọ púpọ̀ ní gbọ̀ngàn kan bá ṣí pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, ẹni tó ń máàkì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé wọ́n wo ara wọn kọ. Ọmọ tí kò wo ẹnikẹ́ni kọ, tó kàn gba fọ́tò lórí WhatsApp, báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé ara rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sọ fún mi pé ìdí tí àwọn fi fẹ́ràn ìfáàrà àkọ́sórí ni ẹ̀rù ìwé funfun: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò ní jáde, wọ́n á fẹ́ ohun tí wọ́n lè kọ láìronú títí ara á fi balẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n fi ìlà márùn-ún sílẹ̀ lókè ìwé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà tó mú wọn lọ́kàn jù, bí "kò pé" yẹn, kí wọ́n sọ ìdí. Lẹ́yìn ìpínrọ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà náà ni kí wọ́n padà sókè lọ kọ ìfáàrà sínú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí agogo bá ti fẹ́ lù, gbólóhùn kan tó dárúkọ iṣẹ́ náà tó sì dáhùn ìbéèrè ti tó láti fi síbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìlà márùn-ún náà, kí wọ́n fa bírò kọjá lórí rẹ̀.